Òrùlé Tí Ẹtu Fi Yá Òkété

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!
Àlọ́ mi gbéra kìjikìji, ó sọdá odò, ó balẹ̀ gbì sórí Ẹtu àti Òkété.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí gbèdéke pé gan-an ni ìjì ṣí òrùlé Ẹtu, ó gbé e sọ sílẹ̀ lódindi. Ẹtu dúró tì í, Àwẹ̀ró ọmọ rẹ̀ ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, ilẹ̀ ọ̀fẹ́ ni Ẹtu kọ́lé sí. Iná ló jó igbó wọn àtijọ́, ni Ọba Ẹkùn bá ní kí kálukú sọdá odò, kó mú ilẹ̀ tó bá wù ú. Àmọ́ láàárín oṣù mẹ́ta, ó gbọ́dọ̀ kọ́lé síbẹ̀, kó máa dáná níbẹ̀, kó máa sùn níbẹ̀. Bó bá pé, Ọ̀yà, ìránṣẹ́ ọba, á wá wò ó. Ilé tó bá ní òrùlé, á so aṣọ pupa mọ́ òpó rẹ̀. Èyí tí kò bá ní in títí oòrùn fi wọ̀, ilẹ̀ ti padà sọ́wọ́ ọba nìyẹn.

Ẹtu bẹ àwọn ará àdúgbò títí, tilé oníkálukú ló ká a lára. Òun nìkan kò sì lè gbé òrùlé. Ìgbà náà ni Òkété yọ.

"Ìyá Àwẹ̀ró, òrùlé ewé gbòdògì lásán ló fẹ́ pa ẹ́ lẹ́kún? Èmi pẹ̀lú ẹ la máa gbé e. Àmọ́ ilẹ̀ tèmi ni Ọ̀yà máa kọ́kọ́ kàn. Jẹ́ ká gbé e lọ síbẹ̀ ná. Tó bá ti so aṣọ tán, a ti gbé e padà."

"Ṣé kò ní pẹ́?"

"Kí o tó dá itọ́ mì."

Bẹ́ẹ̀, gbogbo oṣù mẹ́ta yẹn, ilé àna rẹ̀ ni Òkété ti ń jẹ, ibẹ̀ ló ti ń sùn. Òpó mẹ́rin péré ló rì mọ́lẹ̀ lánàá. Wọ́n gbé òrùlé náà lé e. Òkété tẹ́ ẹní sórí koríko, ó jókòó bí onílé. Ọ̀yà dé, ó wòkè, ó so aṣọ, ó kọjá.

Ẹtu ní ó yá. Òkété ní ó ku òpó mẹ́rin tó wà lórí ilẹ̀ tí òun gbà lórúkọ ìyàwó òun, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sí i. Oòrùn ti yẹ àtàrí. Ẹtu fẹ́ kọ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò bá a gbé e padà? Ló bá bá a gbé e lọ, ó fi orin sí i. Ẹ bá mi gbè é:

Oòrùn, oòrùn, dúró dè mí,
*Rọra o, rọra.*
Ilé mi ò tíì ní òrùlé,
*Rọra o, rọra.*
Ọmọ mi ń bẹ lẹ́yìn mi,
*Rọra o, rọra.*
Bí o bá wọ̀, ilẹ̀ mi lọ,
*Rọra o, rọra.*

Ọ̀yà so aṣọ kejì. Òkété bá na gbalaja sórí ẹní, ó ní ẹ̀yìn ń dun òun. Ẹtu sá tẹ̀lé Ọ̀yà, fìrì, ó bá a lórí ilẹ̀ tòun Ẹtu níwájú òpó tó dúró lásán.

"Ìyá Àwẹ̀ró, òrùlé dà?"

Ẹtu jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ọ̀yà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ààrò: eérú ti kún un dénu. Ó wo ilẹ̀ ilé: ó ń dán, kò sí koríko kan níbẹ̀. Ó ní kí àwọn padà sẹ́yìn.

Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ Òkété, Ọ̀yà ká ẹní nílẹ̀. Koríko abẹ́ rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Koríko sì ni oúnjẹ Ọ̀yà, ó já a jẹ, ó rọra jẹ ẹ́ lẹ́nu.

"Èyí ṣì dùn," ó wí. "Ilé tí wọ́n bá ń gbé, koríko abẹ́ rẹ̀ a máa kú. Dìde, gbé òrùlé fún onílé."

Ó tú aṣọ méjèèjì. Òkété gbé iwájú, Ẹtu gbé ẹ̀yìn, oòrùn ń lọ, wọ́n ń sáré, orin yẹn náà ni Ẹtu ń kọ:

Oòrùn, oòrùn, dúró dè mí,
*Rọra o, rọra.*

Nígbà tí òrùlé bà lé òpó, oòrùn ò ju bín-ín-tín lọ lórí igi. Ọ̀yà fa aṣọ pupa yọ. Ẹtu ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ọ̀yà ya aṣọ náà sí méjì, ìdajì ló so.

"Ìdajì ilẹ̀ ni tìrẹ. O gbé ibẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ o bá a gbé irọ́ kiri láti àárọ̀."

Ibí ni àlọ́ mi ká ẹsẹ̀ kò. Bí mo bá purọ́, kí n wá ewé gbòdògì lọ sóko, kí n má rí ẹyọ kan.

Ohun tó kọ́ wa ni pé kí a tètè ṣe tiwa kí ọjọ́ tó pé, kí a má sì fi ohun tí a ṣiṣẹ́ fún ti irọ́ ẹlòmíì lẹ́yìn, ìbáà jẹ́ pé ìdààmú ló bá wa. Títí di òní, Ẹtu ń gbé lórí ìdajì ilẹ̀, òrùlé rẹ̀ wọ́ sápá kan. Òkété ò nílé lókè ilẹ̀, inú ihò ló ń gbé.