Ọ̀pá Tí A Fi Ń Bi Ìbọn

Ọkùnrin kan wà tí ìbọn máa ń wù bí aṣọ tuntun ṣe ń wu ọ̀dọ́. Fọlárìn, jókòó dáadáa. O ní kí n bá ọ dá sí ọ̀rọ̀ ìwọ àti àbúrò rẹ, n ó sì dá sí i, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìbọn ni n ó kọ́kọ́ sọ. Má fajú ro. Tí mo bá parí, o lè wá fà á ro bó ṣe wù ọ́.

Onípákó ni ọkùnrin yìí. Ó ń ta pákó ní ìlú kan létí igbó kòkó. Kì í ṣe ọdẹ rárá, kò pa ẹran rí ju òkété kan tó ti fẹ́ kú tẹ́lẹ̀ lọ. Ìbọn kàn wù ú ni. Bó ṣe ń wúwo lọ́wọ́ wù ú, òórùn òróró tí a fi ń nù ún wù ú, bí igi ìdí rẹ̀ ṣe ń dán lẹ́yìn tí a bá ti fọwọ́ pa á pẹ́ náà wù ú. Ó ní ẹlẹ́nu méjì kan. Ó tún ní ọ̀kan tí ẹnu rẹ̀ gùn tín-ín-rín, èyí tí a fi ń ta ohun tó jìnnà. Ìwé àṣẹ ìjọba wà lórí méjèèjì. Alágbàtà kan fi ìbọn ìléwọ́ lọ̀ ọ́ rí, ó dá a padà. Ó ní ìbọn tó lè sá pamọ́ sínú àpò kì í ṣe ohun ìgbádùn, ohun ẹjọ́ ni.

Ó ní ọ̀rẹ́ kan, oníkòkó, ẹni tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀. Àìsàn kan náà ló ń ṣe àwọn méjèèjì. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ìbọn kan wà níbì kan, wọ́n á jọ lọ wò ó. Oníkòkó á gbé e lé èjìká onípákó, á wò ó bóyá ìdí rẹ̀ gùn jù fún apá rẹ̀, á ní, "Èyí ò bá ọ mu. Wo bí ọrùn rẹ ṣe wọ́." Onípákó náà á ṣe bẹ́ẹ̀ fún un. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò fi ra ìbọn tí kò bá a lára mu rí, nítorí ojú ẹlòmíràn ló ń bá a yàn án. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, wọ́n á to agolo wàrà sórí kùkùté nínú oko oníkòkó, wọ́n á sì máa ta á níbọn. Ariwo wọn máa ń pọ̀ ju agolo tí wọ́n ń bà lọ.

Nígbà tó yá, ọdẹ àgbà kan kú ní abúlé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú wọn. Ìbọn tó fi sílẹ̀ ni gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Adúnbíàrá. Ìbọn àtijọ́ ni, irú èyí tí a ń ti ẹnu rẹ̀ ki ẹ̀tù àti ọta, tí a ó wá fi ọ̀pá gún un mọ́lẹ̀. Òkúta kékeré kan ló ń ṣáná sí i. Àwọn ọmọ olóògbé kò ṣọdẹ, wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ ẹ wá wò ó. Ọ̀rẹ́ méjèèjì bá fi àdéhùn sí ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn: wọ́n á jọ lọ, wọ́n á gbé e lé èjìká ara wọn, ẹni tó bá bá mu ni yóò mú un.

Onípákó kò dúró. Láàárọ̀ Sátidé, ó gun ọ̀kadà, ó dá lọ. Ó bi ọmọ olóògbé pé ṣé nǹkan wà nínú ìbọn náà. Ọmọ ní kò sí nǹkan nínú ẹ̀, ó ti pẹ́ tó ti wà lórí àjà. Wọ́n ṣe ìwé rẹ̀ bó ṣe yẹ, onípákó gbé e wálé. O rí ojúkòkòrò bó ṣe ń ṣe ènìyàn? Ọ̀rẹ́ tó ń bá a yan ìbọn látọjọ́ yìí wá, òun ló sá fún.

Oníkòkó gbọ́, ó fi í sínú. Ṣùgbọ́n níjọ́ tí ẹgbẹ́ àdúgbò ń wá ẹni tí wọn yóò fi ṣe alága, tí ẹnì kan dárúkọ onípákó, oníkòkó dìde, ó ní, "Ẹni tó lè jí ìbọn rà mọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ lójú, kí ni kò lè jí?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Onípákó wà níjòókòó, ó sì gbọ́ ọ. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́.

Láti ọjọ́ náà, wọn kò kí ara wọn mọ́. Adúnbíàrá wà lára ògiri pálọ̀ onípákó, ó ń nù ún, ó ń fi òróró pa á, ṣùgbọ́n kò yìn ín rí. Ta ni yóò bá a pariwo? Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ẹ̀yìn ló ń dun òun. Ìyàwó kò bá a jiyàn. Ohun tí obìnrin náà rí ni pé tí wọ́n bá mu wàrà tán, ọkọ òun kì í jẹ́ kí wọ́n da agolo nù. Ó ń fọ̀ wọ́n, ó ń tò wọ́n jọ, kò sì mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń wo òun. Ọ̀rọ̀ náà dun obìnrin yìí dénú egungun.

Lọ́jọ́ kan, ó lọ bá oníkòkó nílé. Kò kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Ó ní, "Bàbá Mótúnráyọ̀, agolo ti kún kíṣìnnì mi. Ẹ wá kó o." Oníkòkó wo ilẹ̀ títí, ó ní òun á wá.

Ó wá lóòótọ́, lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú. Obìnrin náà gúnyán. Onípákó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rọ̀ yẹn ti tán. Kò sí nǹkan nínú mi." Oníkòkó ní, "Kò sí nǹkan nínú tèmi náà." Wọ́n wẹ ọwọ́, wọ́n jẹun. Inú ìyàwó dùn, ó gbé àtẹ ẹ̀gúsí rẹ̀, ó lọ jókòó sábẹ́ igi ọsàn nínú àgbàlá, ó ń bó o. Ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin méjèèjì kò rí nǹkan gidi sọ. Òjò ni wọ́n ń sọ, ọ̀nà tí kò dáa ni wọ́n ń sọ, bí àwọn àlejò méjì tó ń dúró de mọ́tò.

Ó sú onípákó. Ó wu ọkùnrin náà kí ayọ̀ àtijọ́ padà wá kíákíá, ló bá sọ Adúnbíàrá kalẹ̀ lára ògiri, ó gbé e jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní, "Jẹ́ kí n fi bó ṣe ń tanná hàn ọ́. Ẹ̀tù díẹ̀ ni n ó bù sójú rẹ̀ níbi tí òkúta ti ń ṣáná, iná lásán ni yóò yọ." Ó ti ń ṣí ìgò ẹ̀tù. Ẹnu ìbọn kọjú sí àgbàlá, síbi tí ìyàwó rẹ̀ wà.

Oníkòkó ní, "Ṣé nǹkan wà nínú ẹ̀?"

"Kò sí nǹkan nínú ẹ̀."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ olóògbé náà sọ bẹ́ẹ̀."

Oníkòkó na ọwọ́, ó rọra gbé ẹnu ìbọn sókè ọ̀run. Ó ní, "Mú ọ̀pá rẹ̀ wá."

Ojú onípákó pọ́n. Ó ní, "Olè ni mí tẹ́lẹ̀. Mo ti wá di òpùrọ́ báyìí?" Ọ̀rọ̀ tó ní kò sí nínú òun, òun náà nìyẹn o. Ẹnikẹ́ni kò bi í, ó kàn jáde fúnra rẹ̀.

Oníkòkó kò gbóhùn sókè. Ó ní, "Ìwọ kọ́ ni mò ń bi. Ìbọn ni mò ń bi."

Fọlárìn, ó lè lé ọkùnrin náà jáde. Ó kù díẹ̀ kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ká ní ó lé e ni, ì bá bu ẹ̀tù sójú ìbọn, ì bá fi iná han ìyàwó rẹ̀ nìkan. Ó dúró, ó ń mí gúlegúle, lẹ́yìn náà ló fa ọ̀pá yọ lábẹ́ ìbọn, ó jù ú sí oníkòkó.

Oníkòkó kọ́kọ́ tẹ́ ọ̀pá náà sára ìbọn láti ìta, ó wo ibi tó yẹ kó dé bí inú rẹ̀ bá ṣófo. Ó wá tì í bọ ẹnu rẹ̀. Ó yẹ kó lọ títí, kó ku bí àtàǹpàkò kan níta. Kò lọ títí. Ó dúró, ó ku odidi ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan. Ó gbé e sókè díẹ̀, ó tún jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀. Kò dún bí irin tó kan irin. Ó dún gbì, bí ìgbà tí a bá gún nǹkan rírọ̀.

Ọdẹ àgbà ti ki ìbọn náà de ẹran kan kí àìsàn tó dá a dùbúlẹ̀, èéfín ààrò sì ń gbẹ ẹ̀tù rẹ̀ lórí àjà títí di ọjọ́ tí onípákó rà á. Onípákó wo ibi tí ẹnu ìbọn kọjú sí lẹ́ẹ̀kan. Ìyàwó rẹ̀ ń fẹ́ èèpo ẹ̀gúsí dànù, kò mọ nǹkan kan. Ọkùnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Irú ìbọn bẹ́ẹ̀ kò ní ẹ̀yìn tí a lè ṣí. Ọ̀nà tí nǹkan gbà wọ inú rẹ̀ náà ló gbọ́dọ̀ gbà jáde. Wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n kọjú ẹnu rẹ̀ sí igbó níbi tí kò sí ènìyàn, wọ́n rọ omi sí i kí ẹ̀tù má baà gbiná. Oníkòkó lọ mú ọ̀pá tirẹ̀ wá nílé, èyí tí irin orí rẹ̀ wé bí ìrù ẹlẹ́dẹ̀. Wọ́n jókòó, wọ́n tì í bọ ẹnu ìbọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yí i díẹ̀díẹ̀ kó lè gún ohun tó dí i, kó fà á jáde.

Ibi tí wọ́n ti ń yí i ni onípákó ti sọ̀rọ̀, kò wojú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Nǹkan wà nínú mi."

Oníkòkó ní, "Mo mọ̀. Ó wà nínú tèmi náà."

"Ọ̀rọ̀ tó o sọ nípàdé. Ẹ̀rín tí wọ́n rín ló dùn mí jù. Bí mo bá ń gé pákó, mò ń gbọ́ ọ." Ó yí ọ̀pá díẹ̀ sí i. "Ṣùgbọ́n èmi ni mo kọ́kọ́ ṣẹ̀ ọ́. Ṣé o mọ ìdí tí mo fi dá lọ? Mo mọ̀ pé bí a bá jọ lọ, èjìká tìrẹ ló máa bá mu."

Ọ̀rọ̀ yìí kò rọ oníkòkó lọ́kàn lójú ẹsẹ̀. Inú bí i sí i ni. Ó ní ní ọjọ́ Àìkú yẹn, òun wọ aṣọ dáadáa, òun dúró létí títì, òun ń dúró de ọ̀rẹ́, àwọn tó ń kọjá sì ń bi òun pé ta ni òun ń retí. Ohùn rẹ̀ lọ sókè. Ohùn onípákó náà lọ sókè. Ìyàwó gbọ́ wọn láti àgbàlá, ó fẹ́ dìde, ó rò ó, ó tún jókòó. Oníkòkó dé fìlà, ó bínú jáde, ó dé igun ilé, ó tún padà. Ó ní, "Ọ̀pá mi ló wà lọ́wọ́ rẹ." Onípákó sún fún un lórí àpótí. Ó jókòó.

Nígbà tó ṣe, àkísà tó dí ìbọn jáde. Ọta tẹ̀ lé e, wọ́n ń yí gbirigbiri sínú abọ́. Ẹ̀tù wá ṣàn jáde pẹ̀lú omi, ó dúdú bí tìróò. Ó ti rẹ àwọn méjèèjì. Wọn kò dì mọ́ ara wọn, wọn kò sunkún. Oníkòkó kàn béèrè bóyá iyán ṣì kù.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, wọ́n wà lóko. Onípákó gbé Adúnbíàrá lé èjìká ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó bá a mu bí ìgbà tí wọ́n fi ara rẹ̀ wọn ìdí rẹ̀. Ó ní, "Máa gbé e lọ." Oníkòkó ní, "Orúkọ rẹ ló wà nínú ìwé àṣẹ. Ṣé o fẹ́ kí ọlọ́pàá mú mi ni? Ìwọ máa nù ún, èmi á máa bá ọ yìn ín." Àwọn tó ń kọjá lójú ọ̀nà ń gbọ́ ariwo wọn.

Fọlárìn, ìtàn mi tán, ó ku ìwọ. Àárọ̀ yìí ni o sọ fún mi, níbi tó o jókòó sí yìí, pé àbúrò rẹ lè máa bọ̀, pé kò sí nǹkan nínú rẹ. Ta ló ti ọ̀pá bọ̀ ọ́ wò? Inú jìn. Mi ò pè ọ́ ní òpùrọ́. Onípákó kì í ṣe òpùrọ́, ohun tí wọ́n sọ fún un ló sọ, kò sì wo inú rẹ̀ rí. Ìwọ náà, ohun tó o fẹ́ kó jẹ́ òótọ́ lò ń sọ.

Lọ bá a lónìí. Má fi iyán bò ó mọ́lẹ̀. Má sì bú u lójú ìyá yín tàbí lójú àwọn ọmọ, nítorí ẹnu ìbọn kò gbọdọ̀ kọjú sí wọn. Ẹ wá ẹ̀yìnkùlé kan, kó ku ẹ̀yin méjèèjì. Ìwọ ẹ̀gbọ́n ni kó kọ́kọ́ sọ ohun tó wọ inú rẹ, kó o sì sọ èyí tí ìwọ fúnra rẹ ṣe. Ó lè gbóná. Ó lè dìde lọ. Sún fún un tó bá padà. Tó bá sì bi ọ́ pé ṣé ó dá ọ lójú pé kò kù nínú rẹ, má bínú sí i. Ẹni tó fẹ́ jókòó tì ọ́ pẹ́ ló ń béèrè.