Ọkọ̀ Sẹfíyátù Tí Kò Wọ Ẹ̀wù

Abẹ́ ọkọ̀ lowó ọ̀dà wà. Ẹni tó bá ti gbé etí ọ̀sà rí kò ní ṣàì gbọ́ òwe yìí. Bàbá ń pa á fún ọmọ, ọ̀gá ń pa á fún ọmọ iṣẹ́, ìyàwó ilé náà sì ń fi dáhùn bí wọ́n bá bi í pé kí ló ń ṣe nídìí ìkòkò láti àárọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń pa á, ǹjẹ́ ẹ mọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá? Ta ló kọ́kọ́ sọ ọ́, kí ló sì ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà tí gbogbo èbúté fi pa lọ́lọ́ láti gbọ́ ọ?

Obìnrin kan ló sọ ọ́. Sẹfíyátù lorúkọ rẹ̀. Èbúté Arọ̀ ni wọ́n ti bí i, ibẹ̀ náà ló sì lọ́kọ sí. Atukọ̀ ni Súlè ọkọ rẹ̀, nígbà tí ó sì kú, ohun kan ṣoṣo tó fi sílẹ̀ fún aya àti ọmọ mẹ́ta, tí Múnírù jẹ́ àkọ́bí wọn, ni ọkọ̀ pákó gígùn kan tí wọ́n kọ “Jẹ́ Á Gòkè” sí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn tí Sẹfíyátù ṣe opó tán, ẹbí ọkọ pè é jókòó. Wọ́n ní obìnrin kì í darí ọkọ̀ ẹrù, kí wọ́n ta ọkọ̀ náà kó tó jẹrà sí etí omi. Lásísì, àbúrò Súlè, tí òun náà ní ọkọ̀ tirẹ̀, ló tẹnu mọ́ ọn jù. Kò kórìíra ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ o. Ohun tó rò pé ó tọ́ ló ń sọ. Sẹfíyátù bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún òun ní ọdún kan. Wọ́n gbà, ṣùgbọ́n wọ́n ní bí ọdún bá yípo tí ọkọ̀ náà kò rí iṣẹ́ gidi kan dì mú, àwọn yóò tà á.

Oṣù mẹ́sàn-án kọjá. Ẹrù díẹ̀díẹ̀ ló ń rí gbé, èyí tí àwọn ọkọ̀ yòókù bá kọ̀. Ìgbà náà ni ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gbẹ́ni Fáṣínà wọ ìlú. Ilé-iṣẹ́ tó ń ra ekùrọ́ ló rán an wá. Ó ní àwọn ń wá ọkọ̀ kan ṣoṣo tí yóò máa gbé ekùrọ́ láti Èbúté Arọ̀ sọdá ọ̀sà lọ sí Ìta-Ọ̀pọ̀tọ́ ní gbogbo ọdún, nítorí pé èyí tí wọ́n gbé wá lọ́dún tó kọjá ti rin gbingbin, ó ti bu kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn. Ó wá dá ọjọ́. Ní ọjọ́ Sátidé kan, oṣù kan sí ìgbà náà, kí ọkọ̀ tó bá fẹ́ iṣẹ́ náà wá gba ogún àpò. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé ogún àpò gbígbẹ dé òdìkejì ló ni iṣẹ́.

Ọkọ̀ mẹ́ta ló fi orúkọ sílẹ̀: ti Lásísì, ti ará Ìta-Ọ̀pọ̀tọ́ kan, àti Jẹ́ Á Gòkè. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n gbọ́ ìkẹta.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, Lásísì ti san pọ́n-ùn méjì fún ẹni tó ń kọ àkọlé sára ilé ìtajà, ó sì ti bá a kun ọkọ̀ rẹ̀ ní pupa àti yẹ́lò, ó ya orí ọ̀nì sí iwájú rẹ̀ pẹ̀lú eyín funfun báláú. Ọkọ̀ náà wu ojú. Sẹfíyátù náà wo Jẹ́ Á Gòkè, ó rí i bí ọ̀dà ara rẹ̀ ti ń ṣí bí karawun ìgbín tó ti pẹ́ nínú oòrùn. Ó ránṣẹ́ pe Ṣóbándé, àgbà ọlọ́dà kan tí kò ṣe iṣẹ́ mìíràn láyé rẹ̀ ju kí ó máa kun ọkọ̀.

Ṣóbándé yí ọkọ̀ náà po lẹ́ẹ̀mẹta, ó fi èékánná kan pákó rẹ̀ níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Lẹ́yìn náà ó dá iye rẹ̀: pọ́n-ùn mẹ́rìnlá.

Sẹfíyátù kọ́kọ́ rò pé ó ń ṣeré. Nígbà ayé wọn, iye yẹn á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó fi páànù bo ilé.

Ó ní, “Ọ̀gá, ọ̀dà ni mo ní kí ẹ bá mi kùn. Mi ò ní kí ẹ kan ọkọ̀ tuntun fún mi.”

Ṣóbándé tọrọ ọ̀bẹ tí Sẹfíyátù fi ń la ẹja, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì ti ẹnu ọ̀bẹ náà sí pákó kan nísàlẹ̀ ọkọ̀, níbi tí ọ̀dà àtijọ́ ṣì ti ń dán. Ọ̀bẹ wọlé bí ìgbà tí wọ́n bá fi gún iṣu sísè, ó wọlé títí dé èèkù. Bàbá náà fi í sílẹ̀ síbẹ̀ kí obìnrin náà lè wò ó dáadáa.

Ó wá sọ pé, “Ìyá Múnírù, àwọ̀ tí ojú máa rí, pọ́n-ùn méjì ni. Méjìlá yòókù, abẹ́ ló ń lọ. Ẹni tó bá gba méjì lọ́wọ́ yín, òkè nìkan ló bá yín kùn.”

Ọjọ́ mẹ́ta ni Sẹfíyátù fi ronú. Ó ta yẹtí wúrà tí Súlè fi fẹ́ ẹ, ó ta iyùn ọrùn rẹ̀, ó kó owó ẹja gbígbẹ rẹ̀ jọ lé e. Gbogbo rẹ̀ kò ju pọ́n-ùn méjìlá lọ. Kò sí ibòmíràn tí yóò ti rí méjì tó kù. Ó padà tọ Ṣóbándé lọ.

“Ọ̀gá, ẹ bá mi ṣe abẹ́. Ẹ fi òkè sílẹ̀ bó ṣe wà.”

Ṣóbándé ní láti ọgbọ̀n ọdún tí òun ti ń ṣiṣẹ́ yìí, àìmọye èèyàn ló ti ní kí òun ṣe òkè kí òun fi abẹ́ sílẹ̀. Òun kò tíì gbọ́ èyí rí.

Wọ́n dojú ọkọ̀ dé sórí iyanrìn. Ṣóbándé àti ọkùnrin méjì tó ń bá a ṣiṣẹ́ fi ọjọ́ mẹ́rin họ ọ̀dà àtijọ́ kúrò títí pákó fi funfun. Gbogbo karawun tó lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ṣí dànù. Wọ́n gbẹ́ pákó tó jẹrà jáde, wọ́n kan òmíràn dípò rẹ̀, wọ́n fi òwú tí wọ́n rẹ sínú ọ̀dà dúdú dí gbogbo ojú ibi tí pákó ti pàdé pákó. Wọ́n wá fi ewé ìpín yùn ún títí ọwọ́ fi ń yọ̀ lára rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀dà tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n kùn ún, bí wọ́n bá sì kùn ún tán, wọn kì í fọwọ́ kàn án fún ọjọ́ méjì gbáko. Bí Sẹfíyátù bá ní kí wọ́n yára, Ṣóbándé á nawọ́ sí oòrùn. Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí Sátidé náà pé nígbà tí wọ́n yí ọkọ̀ padà.

Ní òkè, pákó gbígbẹ tó rí bí eérú. Ní ìsàlẹ̀, ọ̀dà dúdú tó ń dán bí ojú omi. Ọmọ aráyé kò pẹ́ rí ohun sọ. Wọ́n ní ọkọ̀ Sẹfíyátù wọ ṣòkòtò, kò wọ ẹ̀wù. Wọ́n sọ ọ́ dorin. Nígbà tí wọ́n wá ti ọkọ̀ náà wọ omi, ṣòkòtò ọ̀hún kò hàn mọ́. Ohun tó kù tí ojú ń rí kò yàtọ̀ sí ọkọ̀ tí wọ́n ti pa tì. Àwọn èèyàn wò ó, wọ́n wo etí òfìfo obìnrin náà, wọ́n sì ń bi ara wọn pé níbo ni wúrà rẹ̀ wọlẹ̀ sí.

Lásísì wá bá a nílé. Kò wá fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ó ní, “Ìyàwó wa, ọkùnrin yẹn ti rẹ́ ọ jẹ. Jẹ́ ká lọ gba owó rẹ padà kó tó ná an tán.”

Sẹfíyátù dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kí ó fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Lásísì lọ tán, ó wọ ilé ìdáná, ó sunkún. Kì í ṣe pé kò gba Ṣóbándé gbọ́. Ó kàn ṣòro láti gba ohun tí èèyàn kò lè nawọ́ sí gbọ́, nígbà tí gbogbo ìlú ń nawọ́ sí èyí tó burẹ́wà. Lọ́jọ́ kejì, méjì nínú àwọn atukọ̀ mẹ́fà tó ti bá ṣàdéhùn ránṣẹ́ pé àwọn kò lè jókòó sínú ọkọ̀ báyìí lójú àwọn àna àwọn. Ó ku mẹ́rin. Sẹfíyátù gba àjẹ̀ kan, ó ní òun ni ìkarùn-ún.

Sátidé pé. Wọ́n di ogún àpò sínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, Ọ̀gbẹ́ni Fáṣínà ti lọ dúró ní òdìkejì, akọ̀wé rẹ̀ sì fun fèrè. Ọkọ̀ Lásísì ló yọ síwájú. Ọkùnrin gìrìpá mẹ́fà ló ń tu ú, orí ọ̀nì náà sì ń ge omi bí ẹni pé ó fẹ́ jẹ ẹ́. Jẹ́ Á Gòkè ló gbẹ́yìn. Àwọn tó wà létí omi kọrin ṣòkòtò náà tẹ̀ lé e.

Ṣùgbọ́n àárín ọ̀sà kì í ṣe etí ọ̀sà. Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, afẹ́fẹ́ dìde, ìgbì bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ara ọkọ̀. Ẹrù ti tẹ gbogbo wọn rì wọ omi títí dé ibi tí wọn kì í dé lójoojúmọ́. Ọkọ̀ ará Ìta-Ọ̀pọ̀tọ́ kò jẹ́ kó jìnnà, ó ṣẹ́rí padà. Sẹfíyátù ń retí kí omi kan òun lẹ́sẹ̀. Omi kò kàn án. Ó wá ṣàkíyèsí pé bí wọ́n bá fa àjẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọkọ̀ náà ń yọ̀ lọ ju bí wọ́n ṣe fà á lọ, bí ẹni tí nǹkan kan kò dì mú mọ́. Àwọn mẹ́rin tó wà níwájú rẹ̀ náà mọ̀ ọ́n lára. Gbogbo wọn túbọ̀ tẹra mọ́ ọn.

Nígbà tí wọ́n bá ọkọ̀ Lásísì, mẹ́ta nínú àwọn atukọ̀ rẹ̀ ti fi àjẹ̀ sílẹ̀, igbá ni wọ́n fi ń gbọ́n omi dànù. Káfíńtà kan náà ló kan ọkọ̀ méjèèjì, lọ́dún kan náà. Bí abẹ́ èkíní ti jẹrà náà ni abẹ́ èkejì ṣe jẹrà, ọ̀dà pupa nìkan ló bò ó lójú.

Sẹfíyátù ní kí wọ́n dáwọ́ dúró díẹ̀. Ó ké sí i pé, “Ọkọ mi, ṣé kí a dúró tì yín?”

Lásísì wo omi tó dé kókósẹ̀ rẹ̀, ó wo abẹ́ ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń dán bí ìgbì ti gbé e sókè.

“Omi yìí ò lè rì wá. Máa lọ, ìyàwó wa. Máa lọ.”

Ó sì lọ. Èrò tó kún Ìta-Ọ̀pọ̀tọ́ ń wo ọ̀nà fún orí ọ̀nì. Ọkọ̀ aláwọ̀ eérú kan tí obìnrin jókòó sẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n rí tó já gba ojú omi wọlé wá, tí kò sì sí ọkọ̀ mìíràn lẹ́yìn rẹ̀ níbi tí ojú lè rí dé. Ọ̀gbẹ́ni Fáṣínà kò kí wọn títí ó fi ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ó ní kí wọ́n sọ̀ àpò tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó bu ekùrọ́, ó fi eyín fọ́ ọ̀kan. Ó dún pà, ó gbẹ dáadáa. Ó wá kúnlẹ̀ sínú ọkọ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra ilẹ̀ rẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ náà sókè fún gbogbo èèyàn. Ọwọ́ gbẹ.

Ó ní, “Ìyá, mo gbọ́ pé pọ́n-ùn méjìlá lẹ fi kun ọkọ̀ yìí. Mo ti wò ó yípo, n kò rí ọ̀dà kankan. Níbo lowó náà wà?”

Gbogbo èbúté pa lọ́lọ́.

Sẹfíyátù nà dìde pẹ̀lú àjẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́. “Abẹ́ ọkọ̀ lowó ọ̀dà wà, ọ̀gá.”

Ariwo tó sọ lọ́jọ́ náà, wọ́n ní àwọn ẹyẹ orí igi ẹ̀gbà etí omi fò lọ tán. Àwọn atukọ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbé e sórí, wọ́n gbé e gun èbúté láìjẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan omi. Nígbà tí ọkọ̀ Lásísì wọ́ gúnlẹ̀ níkẹyìn pẹ̀lú mẹ́tàlá nínú ogún àpò rẹ̀ tó ti rin, Lásísì gba àárín èrò kọjá, ó gba àjẹ̀ náà lọ́wọ́ ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó gbé e lé èjìká ara rẹ̀, ó sì ṣíwájú rẹ̀ rìn títí dé ibi tí wọ́n ti fẹ́ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹbí kò tún pe ìpàdé lórí ọkọ̀ yẹn mọ́. Ọdún kan di mẹ́sàn-án tí Jẹ́ Á Gòkè ń gbé ekùrọ́ sọdá ọ̀sà, wúrà tó sì wà létí Sẹfíyátù ní ìkẹyìn wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń sọ pé abẹ́ ọkọ̀ lowó ọ̀dà wà. Wọ́n ń pa á fún ẹni tó ń yọ ojúlówó oníṣẹ́ lẹ́nu pé owó rẹ̀ pọ̀ jù, nítorí pé ojú rẹ̀ kò tó ibi tí iṣẹ́ náà wà. Wọ́n sì ń fi gbóríyìn fún ẹni tó fara balẹ̀ tún ibi tí ẹnikẹ́ni kò ní yìn ín fún ṣe, tí omi wá dé, tí ó sì gòkè.