Ẹni Tó Ní Ká Má Gbin Igi

Bí ará Abà Lápàdé kan bá ń fi àdéhùn fún ọmọnìkejì rẹ̀ lọ́rùn ju bó ti yẹ lọ, kò ní pẹ́ tí àgbàlagbà kan yóò fi sọ pé: "Ẹni tó ní ká má gbin igi, kò bá ọ̀pá iṣu dá májẹ̀mú." Àlejò á wá máa wò wọ́n lẹ́nu. Ta ló ń bá ọ̀pá dá májẹ̀mú? Ẹ fara balẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ní ìdí.

Láṣebìkan ni àlejò tó kọ́kọ́ dáko níbẹ̀. Nígbà tí òun àti ìyàwó rẹ̀ dé, Baba Àjàgbé, ẹni tó nilẹ̀, fún wọn ní oko létí odò, kò sì gba nǹkan kan lọ́wọ́ wọn ju iṣu tuntun tí wọ́n bá kọ́kọ́ wà lọ́dọọdún. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló so mọ́ ọn. "Gbin iṣu, gbin àgbàdo, gbin ohun tó bá wù ọ́," ni Baba wí, "ṣùgbọ́n má gbin igi." Láṣebìkan mọ ìdí rẹ̀. Iṣu á ta, wọ́n á wà á, ilẹ̀ á ṣófo. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbin obì lónìí, ọmọ rẹ̀ á tọ́ka sí i lọ́la pé bàbá òun ló nilẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní òun gbọ́.

Kò sì gbin igi. Ọ̀pá iṣu ló gé, ó rì wọ́n mọ́lẹ̀ kí ìtàkùn lè rí nǹkan fà mọ́. Àṣìṣe rẹ̀ ni pé ó gé ọ̀kan lára ìyeyè, igi tí kì í mọ̀ pé wọ́n ti gé òun. Òjò rọ̀, ọ̀pá rúwé. Láṣebìkan rí i, ó ní òun á fà á tu bí òun bá wa iṣu tán. Nígbà tó wa iṣu tán, ọ̀pá náà ṣì dúró dáadáa, ó bá tún gbin iṣu míì sí ìdí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọdún ń gorí ọdún, tí ọ̀pá ń sanra. Ká má purọ́, Baba gan-an kò ràn án lọ́wọ́: abẹ́ ibòòji rẹ̀ ló ti ń jẹ iṣu sísun nígbà tó bá wá kí wọn, a sì máa fi èso rẹ̀ panu. Àwọn méjèèjì fẹ́ràn ara wọn débi pé kò sẹ́ni tó rántí wòkè.

Ògúnwándé, àbúrò Baba, ló wòkè. Ó kó ẹbí jọ, ó ní àlejò ti gbin igi, kó máa kó ẹrù rẹ̀ lọ.

Kí wọ́n tó dé oko, Láṣebìkan ti mú àáké dúró sídìí ìyeyè. Ìyàwó rẹ̀ jókòó ti agbọ̀n, kò tíì di ẹrù kankan. Ó ti wọ oṣù ìkúnlẹ̀, kò sì mọ ibi tí wọn yóò gbà lọ. Láṣebìkan ní ọ̀pá iṣu ni òun rì mọ́lẹ̀. Ògúnwándé rẹ́rìn-ín, ó bi í bóyá orí ọ̀pá ni wọ́n ti ń ká èso nílùú tiwọn. Ẹ̀rù ba Láṣebìkan, ó gbé àáké sókè láti gé igi náà.

"Gbé e sílẹ̀, ọmọ mi," ni Baba wí.

Ó yí igi náà po. Ìtàkùn iṣu ọdún náà ṣì lọ́ mọ́ ọn láti ìdí dé ẹ̀ka, ebè sì wà nísàlẹ̀.

"Ògúnwándé, ta ló ń gbin obì kó tún máa fa ìtàkùn iṣu mọ́ ọn? Ẹni tó ní ká má gbin igi, kò bá ọ̀pá iṣu dá májẹ̀mú. Èmi ni mo sọ ọ̀rọ̀ náà, mo sì mọ ohun tí mo ń bẹ̀rù. Igi tí ẹnikẹ́ni kò gbìn, ilẹ̀ ló ni ín. Láṣebìkan, ṣé o fẹ́ gbà á lọ́wọ́ ilẹ̀ ni?"

Láṣebìkan ní òun kò fẹ́ nǹkan kan ju kí òun máa dáko níbẹ̀ lọ. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. Ògúnwándé fúnra rẹ̀ ló gba àáké lọ́wọ́ rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, bí ẹnìkan bá fẹ́ fi àdéhùn lé ẹlòmíì jáde, a máa ń kọ́kọ́ béèrè ohun tí ẹni tó dá a ń bẹ̀rù. Bí kì í bá ṣe ohun náà ló ṣẹlẹ̀, a ó ní kó rọra. Ẹni tó ní ká má gbin igi, kò bá ọ̀pá iṣu dá májẹ̀mú.