Orúkọ Tó Wà Lábẹ́ Ọ̀dà

Ẹ má bá akólòlò parí ọ̀rọ̀. Bó pẹ́ bó yá, á pe baba.

Àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba ohùn lẹ́nu Baba Fadérera. Oníirin àlòkù wá ra kẹ̀kẹ́ rẹ̀: "Ta ló mọ ẹni tó ṣe é, tàbí ọjọ́ orí rẹ̀?"

Fadérera mú ọ̀bẹ, ó ń ha ọ̀dà ara kẹ̀kẹ́ náà níwájú Baba. Ọ̀dà ilẹ̀kùn tó bá ṣẹ́ kù ni Baba fi ń kùn ún lọ́dọọdún. Pupa ṣí, àwọ̀ ewé hàn.

"Ọ̀dà ọdún òmìnira!" ni ìyá rẹ̀ kígbe. "Kẹ̀kẹ́ yìí ti wà ṣáájú."

Orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é yọ lábẹ́ ọ̀dà. Fadérera fẹ́ kà á, ìyá bò ó lẹ́nu: ètè Baba ń mì.

"Rá... Rá... Ráálè!"

Ìyá kọjú sí oníirin. "Ẹ máa lọ. A ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́."