Bí Ìjàpá Ṣe Yọjú sí Àgbàdo Ìdánwò

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi rìn títí, kò dúró níbi ẹ̀rín. Ọ̀dọ̀ Ìjàpá ọkọ Yánníbo ló lọ jókòó.

Lọ́dún kan, òjò fẹ́rẹ̀ẹ́ má rọ̀ rárá. Àgbàdo irúgbìn díẹ̀ ló kù fáwọn ẹranko. Ìjàpá bá gbé àgbàdo tuntun dé láti ìdálẹ̀. Ó ní, "Èyí sàn ju tiyín lọ. Bó bá borí, èmi ni kẹ́ ẹ fi joyè Olórí-oko." Ẹ ò rí i? Oyè ló ń wá!

Ìgbín, àgbà wọn, ní, "Ẹ gbin díẹ̀ nínú méjèèjì sórí ebè kan. Kí ẹnikẹ́ni má sọ èyí tó borí títí oṣù tuntun yóò fi lé. Ẹni tó bá fẹ́ máa wò ó lójoojúmọ́, kó má pariwo àfi bí ọ̀kan bá fi èkejì sílẹ̀ jìnnà réré. Àgbàdo a máa sáré lónìí, a sì máa sùn lọ́la."

Wọ́n ní ó dáa. Ṣé Ìjàpá lè ní sùúrù? Láràárọ̀ ló ń lọ sídìí ebè. Ẹ bá mi gbè é:

Hù, hù, kí n rí ọ o.
*Tèrúnrun!*
Bó o bá ṣíwájú, màá ké.
*Tèrúnrun!*
Bó o bá kẹ́yìn, màá dákẹ́.
*Tèrúnrun!*

Tàtijọ́ ṣíwájú, Ìjàpá dákẹ́. Wọ́n dọ́gba, ó dákẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, tuntun fi díẹ̀ ga ju tàtijọ́ lọ. Ìjàpá figbe ta: "Ẹ wá wò ó o! Ó ti borí!"

Ìgbín ní, "Oṣù ò tíì lé, àlàfo yìí sì kéré. Ìjàpá, ẹ̀ẹ̀melòó lo ti wò ó kó o tó pè wá?"

"Bàbá, ìlara ń dà yín láàmú ni!"

Ebi ò jẹ́ káwọn tó kù gbọ́ ìmọ̀ràn. Wọ́n fi gbogbo àgbàdo àtijọ́ se ẹ̀gbo, wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n fi Ìjàpá joyè. Wọ́n gbin tuntun sí gbogbo oko. Kò sẹ́ni tó wo ebè mọ́. Bẹ́ẹ̀, orí ebè ọ̀hún, tàtijọ́ ń hù ṣáá, tuntun ń kú lọ.

Oko gbogbo rọ láìyọmọ. Ìyàn mú. Àwọn ọmọ ọwọ́ ló kọ́kọ́ ń lọ. Àwẹ̀ró, ọmọ kan ṣoṣo tí Yánníbo bí fún Ìjàpá, kú sẹ́yìn ìyá rẹ̀. Yánníbo rò pé ó sùn ni, ó ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó dùn mí bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Nígbà tó sin ọmọ rẹ̀ tán, ó lọ ya àgbàdo àtijọ́ tó gbó lórí ebè, ó so ó kọ́ sókè ààrò, nínú èéfín. Ìjàpá olóyè nawọ́ sí i, ebi ń pa á.

Yánníbo ní, "Baálé mi, irúgbìn nìyẹn. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, ẹ̀gbẹ́ Àwẹ̀ró ni màá sin ín sí."

Ìdí rèé tí àgbẹ̀ fi ń so àgbàdo irúgbìn kọ́ sókè ààrò dòní, tí kì í tú u jẹ, bó ti wù kí ebi pa á tó.

Ibi tí àlọ́ mi sùn sí nìyẹn. Bí mo bá purọ́, kí ẹnu mi má kan àgbàdo ọdún yìí.