Ẹ̀jẹ̀ Èékánná Ìbídùn

Ní ìlú Òkè-Ìgbá, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Ògúndínà. Ìbídùn ni ìyàwó rẹ̀, Àwẹ̀ró sì ni ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Ògúndínà jogún dàńdógó etù kan lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó sì búra pé omi kò ní kàn án títí òun yóò fi kú, kí omi má baà fọ iyì bàbá òun dànù. Iyì ọ̀hún rèé, iná ló kún un! Ojú rírán aṣọ náà ni kòkòrò burúkú yìí fi ṣe ilé, wọ́n ń mu ẹ̀jẹ̀ Ògúndínà bí ẹni mu ẹmu. Ta ni yóò máa ṣa wọ́n? Ìbídùn náà ni. Lójoojúmọ́ ni yóò tẹ́ aṣọ sórí itan, tí yóò máa fi èékánná tẹ̀ wọ́n pa, tí ẹ̀jẹ̀ yóò máa yí i lọ́wọ́.

"Bàbá Àwẹ̀ró, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ aṣọ yìí sínú omi híhó, ẹ̀ẹ̀kan péré."

"Aṣọ bàbá mi? O fẹ́ kí n tẹ́ ni?"

Nígbà tó yá, àwọn ará ìlú kejì ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá tọrọ Àwẹ̀ró fún ọmọ àwọn. Inú Ìbídùn dùn dọ́ba, nítorí àwọn ẹgbẹ́ ọmọ rẹ̀ ti ń bímọ. Lọ́jọ́ ìtọrọ, ó fi ọṣẹ dúdú àti kànrìnkàn fọ ọwọ́ títí èékánná rẹ̀ fi mọ́ tónítóní. Kò pẹ́ tí Ògúndínà fi pè é wọ yàrá.

"Wá bá mi wo ọrùn aṣọ yìí kíá. Ṣé níwájú àna ni kí n ti máa họra?"

Ó ń pa kòkòrò náà lọ́wọ́ ni àwọn àna wọlé, ni ọkọ rẹ̀ bá pariwo pé kó gbé obì jáde. Kò ráyè fọwọ́. Bó ti kúnlẹ̀ gbé àwo obì fún ìyá ọkọ ìyàwó, ojú ìyá náà bọ́ sórí èékánná rẹ̀.

"Ẹ̀jẹ̀ kí nìyí?"

Ìbídùn wo ojú ọkọ rẹ̀, ó ń retí kó sọ òótọ́. Ògúndínà ká apá dàńdógó sórí èjìká, ó ní, "Ẹ má bínú, àna mi. Ọ̀bùn ni ìyàwó mi, mo ti bá a wí títí."

Háà! Ẹ gbọ́ ìwà ìkà! Obìnrin wo ni yóò sì pe ọkọ rẹ̀ ní òpùrọ́ lójú àna?

Ìyá ọkọ ìyàwó dìde. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ. A kì í fẹ́ ọmọ ọ̀bùn nílé wa."

Wọ́n kó ẹrù wọn, wọ́n lọ. Àwẹ̀ró bú sẹ́kún. "Ìyá mi, ẹ ò tilẹ̀ lè fọwọ́ nítorí tèmi?" Ọ̀rọ̀ yìí dun Ìbídùn wọra ju ti ọkọ rẹ̀ lọ.

Ó lọ fọwọ́, ó ń fọ̀ ọ́, ó ń sunkún. Ọwọ́ ọ̀hún kò tíì gbẹ tí Ògúndínà fi bọ́ dàńdógó, tó jù ú síwájú rẹ̀.

"Ó tún ti ń jẹ mí. Bá mi wò ó."

"Ọwọ́ ọ̀bùn náà ni kó tún wò ó?"

"Ta ló tún fẹ́ wò ó?"

Ìbídùn jókòó, ó tẹ́ aṣọ náà sórí itan. Ìdí abájọ rèé tí àwọn àgbà fi ń sọ ọ́ títí di òní pé, bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná.