Òṣùpá Márùn-ún Lára Súwẹ́tà Àgùntàn

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó sẹ́yìn, n kò gbọ́ tiyín o. Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ó dára. Àlọ́ mi gbéra, kò yà síbì kan. Ó di orí Ẹ̀gà tó mọ iṣẹ́ ọwọ́, ó di orí Àgùntàn onírun gígùn, ó di orí Ìjàpá ọkọ Yánníbo.

Ní ìgbà kan rí, Àgùntàn ilẹ̀ wa nírun lára. Irun ọ̀hún gùn, ó sì nípọn. Bó bá dùbúlẹ̀, ẹ óò rò pé òkìtì òwú ni. Ìgè, má rẹ́rìn-ín, mò ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Ọdún kan wà tí ọyẹ́ mú ju ti ìgbàkígbà lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ ẹranko ni kò rí òpin ọyẹ́ náà. Nígbà tí ọdún yípo, tí ọyẹ́ mìíràn ń bọ̀, Ẹ̀gà pe gbogbo ìlú jọ. Ẹ ṣáà mọ Ẹ̀gà, ẹyẹ tó ń hun ilé sórí ọ̀pẹ. Ó ti rò ó títí, ó sì ti ṣe ẹ̀rọ ìhunṣọ kan. Pákó gbọọrọ ni. Ó to ọgọ́ta abẹ́rẹ́ sórí rẹ̀, ẹnu wọn tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja. Àpótí kékeré kan wà lórí àwọn abẹ́rẹ́ náà tí a ń tì lọ, tí a ń tì bọ̀. Bó bá ti lọ lẹ́ẹ̀kan, ìlà kan ti di híhun nìyẹn.

Ẹ̀gà ní, "Ẹ̀rọ rèé. Màá kọ́ yín. Ṣùgbọ́n òwú dà?"

Gbogbo wọn wolẹ̀. Àgùntàn ló dìde.

"Ẹ rẹ́ irun mi, kí ẹ fi ran òwú. Kí ọmọ ẹnikẹ́ni má tún kú."

"Ìwọ náà ńkọ́?" ni Ẹ̀gà bi í. "Ọyẹ́ kò ní pẹ́ dé."

"Ẹ ṣáà hun tèmi kó tó dé. N kò béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Mo ṣèlérí fún ọ," ni Ẹ̀gà wí. Ojú gbogbo ìlú ló ti sọ ọ́.

Wọ́n rẹ́ irun Àgùntàn kanlẹ̀. Wọ́n ran án, wọ́n sì fi osùn pa apá kan rẹ̀ láwọ̀. Ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ọ̀pẹ.

Ẹ̀gà kì í kánjú kọ́ni. Ó ní, "Ẹ kọ́kọ́ fojú inú rí aṣọ náà. Ta ló máa wọ̀ ọ́? Kí ló ń dùn mọ́ ọn? Ẹ yà á sórí iyanrìn." Lẹ́yìn náà ni wọ́n á dá ihò sára páálí, wọ́n á sì ki páálí náà bọ inú ẹ̀rọ. Níbi tí ihò bá wà, ẹ̀rọ á mú òwú pupa. Níbi tí kò bá sí, á mú funfun. Ohun tí wọ́n yà sórí iyanrìn á sì jáde lára aṣọ. Wọ́n á so òkúta mọ́ ìsàlẹ̀ aṣọ kí híhun náà lè máa wálẹ̀ dáadáa. Orin tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ rèé. Ẹ bá mi gbè é:

Tì í lọ, tì í bọ̀ —
*Ṣẹ́rẹ́-ṣẹ́rẹ́.*
Òkúta ń fà á wálẹ̀ —
*Ṣẹ́rẹ́-ṣẹ́rẹ́.*
Aṣọ orí ẹ̀rọ, òpùrọ́ ni —
*Ṣẹ́rẹ́-ṣẹ́rẹ́.*
Jẹ́ kó sùn, yóò sòótọ́ —
*Ṣẹ́rẹ́-ṣẹ́rẹ́.*

Òótọ́ ni. Aṣọ tí òkúta ń fà a máa gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Bí a bá tẹ́ ẹ sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, á súnkì padà sí ìwọ̀n ara rẹ̀. Ìgbà yẹn ni à ń wọ̀n ọ́n.

Gbogbo ọmọ ẹ̀kọ́ ló gbọ́ pé kí aṣọ sùn. Ìjàpá gbọ́ pé òkúta a máa mú aṣọ gùn.

Wọ́n hun ti àwọn ọmọdé tán. Ó wá kan Àgùntàn. Ẹ̀gà bi í pé kí ló fẹ́ lára súwẹ́tà rẹ̀.

"Òṣùpá," ni Àgùntàn wí. "Bí òṣùpá bá yọ, mo máa ń rí àwọn ọmọ mi nínú pápá, ọkàn mi á balẹ̀."

Ẹ̀gà ya òṣùpá mẹ́sàn-án, láti ọrùn dé ìrù, gbogbo wọn rí rogodo. Ó dá ihò wọn sára páálí. Ó fẹ́ gbé iṣẹ́ náà fún Ẹtu, ọmọ ẹ̀kọ́ tó já fáfá jù lọ, ni Ìjàpá bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ìyá wa, ẹ gbé e fún mi."

"Ìwọ Ìjàpá? Láti ọjọ́ tí mo ti ń kọ́ ọ, ìbọ̀sẹ̀ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo lo tíì parí."

"Ẹni tó hun ọ̀kan ni yóò hun èkejì, Ìyá. Kò sí olùkọ́ bíi yín lábẹ́ ọ̀run. Bí ẹ bá kọ́ òkúta, òkúta á hunṣọ. Èmi wá burú ju òkúta lọ ni?"

Orí Ẹ̀gà wú. Ó kó òwú fún un.

Ìjàpá gbé ẹ̀rọ sí kọ̀rọ̀. Ó hun òṣùpá kan, ó hun méjì, ó hun dé márùn-ún, ó sì dáwọ́ dúró. Ó so òkúta ńláńlá mọ́ ìdí aṣọ. Aṣọ fà, ó gùn gbọọrọ. Òwú tó ṣẹ́ kù, Ìjàpá kó o bọ inú igbá ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń tì í síbí, ó ń tì í sọ́hùn-ún. Ó ní, "Ọyẹ́ ọdún yìí, kó wá ilé ẹlòmíràn lọ."

Ọjọ́ tí ọyẹ́ dé gan-an ló ké sí Ẹ̀gà ní ìrọ̀lẹ́. "Ìyá, ó ti parí o!"

Ẹ̀gà fi okùn wọ̀n ọ́n lórí ẹ̀rọ, tòun ti òkúta. Gígùn rẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n ó wo àwọn òṣùpá náà, wọ́n gùn bí ìbẹ́pẹ.

"Òṣùpá wo ló rí báyìí?"

"Èyí tó ń yọ lẹ́yìn igi ni, Ìyá. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń rí."

"Ó yẹ kó sùn."

"Kó sùn kẹ̀? Ẹ wo Àgùntàn níta níbẹ̀ yẹn, bó ti ń gbọ̀n. Àbí ẹ̀yin kọ́ lẹ ṣèlérí?"

Ẹ̀gà wo ìta. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ọmọ mẹ́rìnlá ló ti hunṣọ fún kó tó kan Àgùntàn. Ó ní, "Mú un fún un."

Ẹ̀yin ọmọ, ibẹ̀ ni Ẹ̀gà ti ṣì í ṣe. Ojú rẹ̀ rí i, ó sì gbójú kúrò.

Àgùntàn wọ̀ ọ́, ó bá a mu wẹ́kú. Ó dúpẹ́ títí, ó gba pápá lọ. Bó ṣe sùn ni aṣọ náà sùn. Aṣọ kúrò ní ìdí, ó kúrò ní ikùn, ó sún dé ọrùn. Ní òwúrọ̀, Ẹtu tó ń lọ pọnmi ló bá Àgùntàn nílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ le gbagidi, kò lè fọhùn.

Wọ́n gbé e dé ẹ̀bá iná nílé Ẹ̀gà. Ẹ̀gà tẹ́ ìyẹ́ apá rẹ̀ méjèèjì lé e lórí, ó ń sunkún. "Ọ̀rẹ́ mi, má kú. Èmi ni mo ṣe ọ́. Má kú o."

Oòrùn ti ga kí Àgùntàn tó la ojú. "Mo wà níbí," ló wí.

Ẹ̀gà wá tẹ́ súwẹ́tà náà sílẹ̀. Àwọn òṣùpá ti padà rí rogodo. Ẹ bá mi kà wọ́n. Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún. Ó tán! Wọ́n ránṣẹ́ pe Ìjàpá.

Ìjàpá ní, "Irun Àgùntàn ni kò dára, Ìyá. Irun àgbà ni, ó ń súnkì."

"Irun àgbà a máa jẹ òṣùpá mẹ́rin?"

Ìjàpá rí i pé ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Ó fẹ́ fa orí wọ inú igbá bó ti máa ń ṣe. Orí kọ̀, kò wọlé. Ó tún fà á, kò wọlé. Ẹtu wá rí okùn òwú pupa kan tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrù rẹ̀. Ó fà á. Ó ń bọ̀. Ó tún fà á, ó ṣì ń bọ̀.

"Yéè! Ẹ rọra o, ìfun mi lẹ ń fà jáde!"

"Ìfun wo ni wọ́n fi osùn pa láwọ̀?" ni Ẹtu wí, kò sì dáwọ́ dúró títí òwú fi di òkìtì nílẹ̀.

Ìjàpá ti jẹ ẹ̀wà elépo lórí òwú náà, epo ti ba ìdajì rẹ̀ jẹ́. Èyí tó mọ́ kò ju òṣùpá méjì lọ. Ẹ̀gà na ọwọ́ sókè àjà, ó mú ìdì òwú kan wálẹ̀ pẹ̀lú páálí kan. Ó gbé òwú fún Ẹtu, ó ní kó fi hun méjì yòókù. Ẹtu hun ún, wọ́n sì tẹ́ ẹ kó sùn. Ní ọjọ́ kejì, Àgùntàn wọ òṣùpá mẹ́sàn-án láti ọrùn dé ìrù.

Páálí yẹn ṣẹ́ kù. Ẹ̀gà nà án sí Ìjàpá. Àwòrán igbá ẹ̀yìn ìjàpá ló wà lára rẹ̀, ó dá gbogbo ihò rẹ̀ pé.

"Tìrẹ ni," ni Ẹ̀gà wí. "Lẹ́yìn Àgùntàn, ìwọ ló kàn. Ọjọ́ tó o sùn lẹ́nu ẹ̀kọ́ ni mo wọn ẹ̀yìn rẹ. Òwú rẹ la fi parí ti Àgùntàn."

Ìjàpá wo páálí. "Àgùntàn á ṣáà tún hu irun mìíràn?"

"Èyí tí mo fún ìlú ti tó," ni Àgùntàn wí. "Òmíràn kò ní hù mọ́."

Kò sì hù mọ́ títí dòní. Bí ọyẹ́ bá dé, ẹ wá Ìjàpá lọ nínú igbó, ẹ ò ní rí i. Ó ti wọ abẹ́ ewé gbígbẹ lọ, òun pẹ̀lú páálí rẹ̀.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹni tó bá ja ìlú lólè, ìpín ara rẹ̀ ló ń jí. Àgbà tó bá sì rí wíwọ́ tó gbójú kúrò, ó lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé òkúta ni mo so mọ́ àlọ́ yìí kó lè gùn, ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú, kí ẹ wọ̀n ọ́n láàárọ̀.